Iṣu tí Ọkọ́ Ṣá: Ìtàn Adéwálé Ògúnléyè, Ògbóǹtarìgì Olùdènà nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ẹni tí ó bá ti dúró rí níbi ìsọ̀ àwọn oníṣu ní Ọjà Ọba, ní Adó-Èkìtì, nítòsí ààfin Ewì, yóò ti kíyèsí ohun kan tí ó dàbí ẹni pé kò tó nǹkan. Àwọn tí ó wá ra iṣu a máa gbé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọn a wo orí rẹ̀, wọn a sì wo ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá rí èyí tí ọkọ́ àgbẹ̀ ti ṣá nígbà tí ó ń wà á, tí ojú ọgbẹ́ náà sì ti dúdú, wọn a rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí oòrùn bá ń wọ̀, iṣu tí ó gbọgbẹ́ yìí ni yóò kù nílẹ̀. Nígbà náà ni ìyá oníṣu yóò máa bẹ ẹni tí ń kọjá lọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú un lọ. Ara ni ọkọ́ kàn, kò dé inú. Ẹ gé e wò.”

Àwọn mìíràn a gbà á ní owó pọ́ọ́kú, wọn a dé ilé, wọn a sì rí i pé iyán rẹ̀ dára ju ti èyí tí ara rẹ̀ ń dán lọ. Àwọn mìíràn, kí a má purọ́, a gé e, wọn a sì rí i pé ó ti rà dé ìdí. Nítorí náà ẹni tí ó gbé iṣu náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó fi ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí inú iṣu.

Ọ̀rọ̀ iṣu yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn bí a ti ń ro ìtàn ọmọ Yorùbá kan tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, kì í ṣe ní Ọjà Ọba, bí kò ṣe ní ọjà kan tí ó tóbi jù ú lọ púpọ̀púpọ̀, ní ìlú New York, ní ojú gbogbo Amẹ́ríkà, nítorí àpá tí ó wà ní orúnkún rẹ̀. Orúkọ ọmọ náà ni Adéwálé Ògúnléyè. Bí ènìyàn bá kígbe orúkọ yìí ní àárín Ọjà Ọba lónìí, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn àgbà sì béèrè pé, “Ògúnléyè ti ilé ta ni?” Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ pé orúkọ yìí wà lẹ́yìn ẹ̀wù eré, pẹ̀lú nọ́ńbà 93, tí àwọn akọ́ni ọkùnrin Amẹ́ríkà sì ń ṣọ́ ara wọn nítorí rẹ̀, kò pọ̀ ní àárín wa. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a sọ ìtàn náà fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ẹni náà, ó yẹ kí a sọ irú eré tí ó ṣe, nítorí kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí àwọn ọmọ wa ń gbá ní pápá ilé-ìwé. Bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà kò rí roboto. Ó ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì bí èso kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà sì ni wọ́n fi ń jù ú. Pápá wọn gùn ní yáàdì 100 láti ìlà ìparí kan dé èkejì, ènìyàn 11 sì ni ó ń dúró ní ìhà kọ̀ọ̀kan. A ń fún ìhà tí ó ní bọ́ọ̀lù láyè ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, a ó tún fún wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Bí wọn kò bá sì lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ọ̀tá.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kan ni ó ń gbógun lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá sì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá, àwọn wọ̀nyí a jáde, ọ̀wọ́ kejì a sì wọlé láti dènà. Àwọn tí ń gbógun lọ ni ìlú ń yìn jù, nítorí àwọn ni ń jẹ àmì. Olórí wọn ni ẹni tí ń pín bọ́ọ̀lù, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní kọ́tàbáàkì. Òun ni ọba nínú eré náà: owó rẹ̀ pọ̀ jù, àwòrán rẹ̀ ni a sì ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn olùdènà kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti ba ohun tí ẹlòmíràn ti pète jẹ́. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ohun tí àwọn ènìyàn yóò rí ni pé kò sí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀. Ta ni ń lu ìlù fún ẹni tí kò jẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀?

Ní ìpẹ̀kun ìlà àwọn olùdènà yìí, ní ọ̀tún àti ní òsì, ni àwọn ọkùnrin méjì kan ń dúró. Iṣẹ́ tiwọn ni láti yí ìlà ọ̀tá po, kí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ olùpín bọ́ọ̀lù kí ó tó ju bọ́ọ̀lù náà. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 3, tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ní. Ẹni tí ó sì dúró láti dí wọn lọ́nà kì í ṣe ẹni kékeré: ìwọ̀n rẹ̀ a máa ju pọ́n-ùn 300 lọ, èyí tí ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì méjì àti ààbọ̀ lọ, ó sì gbọ́n ní ọwọ́ àti ní ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ gídígbò ni yóò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Agbára nìkan kò tó. Ọwọ́ ni a fi ń gbá ọwọ́ ọ̀tá kúrò, èjìká ni a fi ń tàn án, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni ó ń pinnu bí ọ̀rọ̀ yóò ti rí.

Bí olùdènà bá wá gbé olùpín bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlà rẹ̀, ọ̀wọ́ ọ̀tá yóò pàdánù ilẹ̀, ìgbà kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin wọn yóò sì ti lọ. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìgbéṣánlẹ̀ yìí ní Amẹ́ríkà ni sack, orúkọ kan náà tí Òyìnbó ń pe àpò tí àwọn ará ọjà wa ń kó gàárì sí. Láti ọdún 1982 ni àjọ NFL, tí ó ń ṣàkóso eré náà fún àwọn tí a ń san owó fún, ti ń ka ìgbéṣánlẹ̀ olùdènà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Bí ènìyàn méjì bá gbé olùpín ṣánlẹ̀ pọ̀, a ó pín in fún wọn ní ààbọ̀-ààbọ̀. Ẹni tí ó bá ní 10 nínú ọdún kan, àgbà ọ̀jẹ̀ ni.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ wa. A bí Adéwálé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, ọdún 1977, ní Brooklyn, ní ìlú New York, láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí tí ó ti Nàìjíríà lọ sí ọ̀hún. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn òbí náà wà ní ìlú tí ahọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ kò mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fún ọmọ wọn ní orúkọ tí ó ń sọ pé adé ti wá sí ilé, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí ó ń rántí Ògún, ẹni tí àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn ọdẹ àti àwọn jagunjagun ń bọ ní ayé àtijọ́. Ní ilé-ìwé gíga Tottenville, ní Staten Island tí ó jẹ́ apá kan ìlú New York náà, ni ó ti di gbajúmọ̀ nínú eré yìí. Nígbà tí ó dàgbà tán, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 4, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó nǹkan bí pọ́n-ùn 260.

Láti ibẹ̀ ni Yunifásítì Indiana ti gbà á. Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì ni oko tí a ti ń wa iṣu eré yìí. Níbẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń wá àwọn tí wọn yóò gbà síṣẹ́. Indiana kì í ṣe ilé-ìwé tí a mọ̀ sí alágbára nínú bọ́ọ̀lù ní ìgbà náà. Bọ́ọ̀lù inú apẹ̀rẹ̀ ni òkìkí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí kò lọ́ràá yìí ni Adéwálé ti ta gbòǹgbò. Ó gbé àwọn olùpín ọ̀tá ṣánlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀, èyíinì ni 34½, kò sì sí ọmọ ilé-ìwé náà kan ṣáájú rẹ̀ tí ó ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àwọn amòye bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí ó bá jáde, kì í ṣe ìkẹyìn ni a óò mú un.

Nígbà náà ni ọkọ́ ṣá iṣu. Ní ọdún 1999, tí í ṣe ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní ilé-ìwé, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ nínú eré. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, kí ni ó kù fún un bí orúnkún bá lọ? Ó dàbí alágbẹ̀dẹ tí ọwọ́ rẹ̀ kán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó kù ọ̀la kí ó gba oyè olórí alágbẹ̀dẹ.

Ọjọ́ ọjà sì dé. Ní ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin, ọdún 2000, àwọn ẹgbẹ́ 31 tí ó wà nínú àjọ NFL nígbà náà péjọ sí ìlú New York, èyíinì ni ìlú tí a ti bí Adéwálé gan-an, láti yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń jáde ní yunifásítì. Ìpele 7 ni yíyàn náà ní. Ẹgbẹ́ kan a mú ọ̀kan, èyí tí ó tẹ̀lé e a mú ọ̀kan, títí ó fi yí ká, gbogbo orílẹ̀-èdè a sì máa wò ó lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ẹni àkọ́kọ́ tí a mú ni Courtney Brown ti Yunifásítì Penn State, olùdènà ìpẹ̀kun ìlà gẹ́gẹ́ bí Adéwálé náà. Ẹgbẹ́ Cleveland Browns ni ó mú un, inú wọn sì dùn. A mú ọgọ́rùn-ún, a mú igba. Ènìyàn 254 ni a mú ní ọjọ́ méjèèjì. Orúkọ Adéwálé Ògúnléyè kò sí nínú wọn. Oòrùn wọ̀, ọjà tú, iṣu tí ọkọ́ ṣá sì wà nílẹ̀.

Ẹni tí a kò bá yàn lè lọ wá iṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí ẹnìkan bá fẹ́ gbà á. Ẹgbẹ́ Miami Dolphins, ní ìpínlẹ̀ Florida, ni ó sọ pé àwọn yóò mú iṣu náà lọ. Ohun tí wọ́n ṣe sì mú ọgbọ́n lọ́wọ́. Wọn kò gún un ní ọjọ́ náà. Wọ́n gbé e sí àká. Ní gbogbo sáà eré ọdún 2000, Adéwálé kò gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ìwòsàn orúnkún ni iṣẹ́ rẹ̀: kí ó tẹ ẹsẹ̀, kí ó na ẹsẹ̀, kí ó tún ẹsẹ̀ kọ́ ní rírìn, kí ó tó tún un kọ́ ní sísáré. Àwọn tí a yàn ṣíwájú rẹ̀ ń ṣeré, a sì ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìròyìn. Ní ọdún 2001 a jẹ́ kí ó wọlé díẹ̀. Ní òpin sáà náà, ààbọ̀ ìgbéṣánlẹ̀ kan péré ni ó ní. Bí a bá ka ọdún tí ó farapa mọ́ ọn, ọdún mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí èrè kankan tó hàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ bí ọjọ́ ti ń gùn lára ẹni tí ń dúró ni yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n nínú àká yẹn ni ó ti rí olùkọ́. Ní ìpẹ̀kun kejì ìlà Miami ni Jason Taylor wà, ọkùnrin tí ìwé ìtàn eré náà kò lè gbàgbé, tí a sì gba orúkọ rẹ̀ sí ilé ọlá àwọn akọni bọ́ọ̀lù ní ọdún 2017. Òun náà kì í ṣe ẹni tí a kọ́kọ́ mú. Ìpele kẹta ni a ti yàn án ní ọdún 1997, láti yunifásítì Akron. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè: bí olùpín bá sá fún Taylor ní apá kan, ọwọ́ Adéwálé ni yóò bọ́ sí ní apá kejì. Ní ọdún 2002 Taylor gbé àwọn olùpín ṣánlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀méjìdínlógún àti ààbọ̀, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo àjọ NFL ní ọdún náà. Adéwálé sì ní 9½. Àwọn ènìyàn sọ pé àánú Taylor ni ó ń jẹ.

Ọdún 2003 dé, ó sì dá wọn lóhùn. Ní sáà náà Adéwálé Ògúnléyè gbé àwọn olùpín ọ̀tá ṣánlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Taylor ní 13. Àjọ NFL pín sí apá méjì. Nínú apá tí a ń pè ní AFC, tí Miami wà nínú rẹ̀, kò sí olùdènà kan tí ó ní tó ti Adéwálé ní ọdún náà. Wọ́n yàn án fún Pro Bowl, eré tí a ń kó àwọn àṣàyàn ọdún jọ fún. Ẹni tí ẹgbẹ́ 31 ti wò, tí wọ́n sì gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ni ó wá di olórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún kẹrin. Àwọn tí ń tò orúkọ iye-owó oníṣẹ́ wá rí i pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ṣì ń san fún un.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti dé. Adéwálé béèrè owó tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, òun àti ẹgbẹ́ náà kò sì rẹ́ lórí rẹ̀; kò wá sí ibi ìdánrawò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, Miami fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹgbẹ́ Chicago Bears. Chicago fún wọn ní Marty Booker, tí í ṣe agbábọ́ọ̀lù-mú tí ó lórúkọ, pẹ̀lú àǹfààní láti yan ẹnìkan ní ìpele kẹta ọjà ọdún tí ń bọ̀. Ẹ kíyèsí i: iṣu tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ́bọ̀ rà ní ọdún 2000 ni a wá fi ohun iyebíye méjì gbà ní ọdún 2004. Chicago sì bá a ṣe àdéhùn ọdún 6.

Àwọn ará Chicago fẹ́ràn ìdènà bí àwọn ará Èkìtì ti fẹ́ràn iyán. Nínú ìlú náà, ẹgbẹ́ tí kò bá lè dènà kì í níyì, bí ó tilẹ̀ ń jẹ àmì. Nínú ọ̀wọ́ tí Adéwálé bọ́ sí ni Brian Urlacher wà, tí í ṣe olórí wọn ní àárín, àti Lance Briggs, àti Charles Tillman tí ó mọ bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù já ní ọwọ́ ọ̀tá. Ọmọ Nàìjíríà mìíràn pẹ̀lú wà nínú ìlà náà, Israel Idonije, tí a bí ní Èkó tí ó sì dàgbà ní Kánádà. Ní ọdún 2005 Adéwálé ní ìgbéṣánlẹ̀ 10, kò sì sí ẹgbẹ́ kan nínú gbogbo àjọ NFL tí ó jẹ́ kí ọ̀tá jẹ àmì tí ó kéré tó ti Chicago ní ọdún náà. Iṣẹ́ olùdènà nìyẹn: a kì í ka ohun tí ó ṣe nìkan, a tún ń ka ohun tí kò jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀.

Ní sáà ọdún 2006, Chicago borí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá nínú eré 16, wọ́n sì gba adé apá NFC. Ìjà àṣekágbá, tí a ń pè ní Super Bowl, ni ó kù. Ibo ni ó sì bọ́ sí? Ìlú Miami ni, nínú pápá kan náà tí Adéwálé ti fi orúnkún tí a tún ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì, ọdún 2007, ni. Òjò rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú eré àṣekágbá náà. Ọjọ́ náà tún jẹ́ ọjọ́ ìrántí fún ìdí mìíràn: Lovie Smith ti Chicago àti Tony Dungy ti Indianapolis Colts ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó kó ẹgbẹ́ dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí olùkọ́ni. Bí eré ti bẹ̀rẹ̀, Devin Hester ti Chicago gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó sì sáré gbé e dé ìpẹ̀kun pápá. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Ṣùgbọ́n Peyton Manning, olùpín ti Indianapolis, fi sùúrù já ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀. Ní òpin rẹ̀, Indianapolis ní àmì 29, Chicago ní 17. Adéwálé kò gba adé àṣekágbá náà ní ọjọ́ yẹn, kò sì tún dé ibẹ̀ mọ́.

A kò fẹ́ fi oyin bo èyí. Ìtàn tí ó dùn púpọ̀ a máa parí sí ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé ènìyàn kì í fi ìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ó lo ọdún 6 rẹ̀ pé ní Chicago. Ní ọdún 2010 ó ṣeré díẹ̀ pẹ̀lú Houston Texans, lẹ́yìn náà ni ó fi eré sílẹ̀. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìgbéṣánlẹ̀ 25 ni ó ní ní Miami àti 42 ní Chicago, èyí tí ó jẹ́ 67.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi èyí wé ti Courtney Brown, ẹni àkọ́kọ́ tí a mú ní ọjà ọdún 2000. Ìgbéṣánlẹ̀ 19 ni ó ní nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ, kì í sì ṣe pé àwọn tí ó yàn án jẹ́ afọ́jú. Ìpalára lórí ìpalára ni ó bá a jà títí ó fi fi eré sílẹ̀. Iṣu tí ara rẹ̀ ń dán ní ìsọ̀ lè gba ọgbẹ́ tirẹ̀ lójú ọ̀nà ilé. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ní ọjà kan náà, Tom Brady, tí ó wá di olùpín tí ó gba adé Super Bowl jù lọ, ẹni 199 ni a mú un. Ọjà mọ iye tí ohun kan jẹ́ ní òwúrọ̀. Kò mọ iye tí yóò jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun kan kù tí ó wù wá nínú ìtàn ọmọ yìí, òun sì ni ohun tí ó ṣe lẹ́yìn eré. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn wò. Ìṣubú ọdún 1999 kọ́ Adéwálé pé ara kì í ṣe ohun tí a lè fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn tí ó fi pápá sílẹ̀, ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó sì gba oyè MBA nínú ìmọ̀ òwò ní Yunifásítì George Washington. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí ilé-iṣẹ́ ìṣúná ńlá UBS, tí ó sì di olórí ẹ̀ka tí ń bá àwọn eléré ìdárayá àti àwọn òṣèré tọ́jú owó wọn. Ẹni tí ó ti jẹ́ adènà ní pápá ń bá àwọn ọ̀dọ́ dènà ìparun owó. Iṣẹ́ kan náà ni, aṣọ nìkan ni ó yàtọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà kò dẹ́kun láti máa dúró ní ìlà ìdènà yìí. Osi Umenyiora, ọmọ Ìgbò tí a bí ní London tí ó sì gbé Nàìjíríà ní ìgbà èwe rẹ̀, gbé olùpín Philadelphia ṣánlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú eré kan ṣoṣo, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2007; ó sì gba adé Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú New York Giants. Ní ọdún 2022 ó wà lára àwọn tí ó kó àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà jọ ní Ghana láti dán wọn wò fún eré náà. Moro Ojomo, tí a bí ní Èkó, wà nínú ìlà ìdènà Philadelphia Eagles nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Kansas City ní àmì 40 sí 22, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì, ọdún 2025. Ẹni 249 ni a mú òun náà ní ọjà ọdún 2023, nígbà tí àwọn oníṣu ti ń ká ẹní wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ka èyí, kí ó sì wí fún ìyá rẹ̀ pé òun pẹ̀lú yóò lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe gbá a lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ sọ òdodo fún un. Eré líle ni. Ó ń ba orúnkún jẹ́, ó sì ń ba ohun tí ó ju orúnkún lọ jẹ́. Ní ọdún 2013, lẹ́yìn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ó ti ṣeré rí pe àjọ NFL lẹ́jọ́ nítorí orí tí wọ́n gbá mọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ náà gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 765 fún wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé Adéwálé lọ sí yunifásítì kí ó tó lọ sí Miami, ó sì tún padà sí yunifásítì nígbà tí eré tán.

Ṣùgbọ́n ohun tí a pè yín sí láti gbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nìkan. Kò sí ìdílé kan nínú wa tí kò ní iṣu tí ọkọ́ ṣá. Ó lè jẹ́ ọmọ tí ó kùnà nínú ìdánwò nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yege. Ó lè jẹ́ ọmọ tí àìsàn dá dúró sí ilé fún ọdún kan. Ó lè jẹ́ ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó gba òmìnira. Ohun tí Miami ṣe ni a ń bẹ̀ yín láti ṣe. Wọn kò sọ pé kò sí ọgbẹ́. Wọ́n rí i, wọ́n sì wò ó sàn. Wọn kò gbé e sí orí iná ní ọjọ́ tí wọ́n mú un dé. Wọ́n fún un ní ọdún kan nínú àká, pẹ̀lú àgbà tí yóò máa kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi ọgbẹ́ pa mọ́ yóò bá a ní jíjẹrà. Ẹni tí ó bá sì jù ú nù nítorí ọgbẹ́ kò ní mọ ohun tí ó sọnù.

Nígbà tí ẹ bá tún dé Ọjà Ọba ní ìrọ̀lẹ́, tí ìyá oníṣu sì na iṣu kan sí yín tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ dúdú, ẹ má ṣe yára kọjá lọ. Ẹ ní kí ó bá yín gé e wò.